Warlock tí gbogbo ẹgbẹ́ á máa rò délé: ìwà wo, agbára wo, ọ̀gá wo?

DáìsìKubwa:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Àbújá àti gbogbo Òkè Ọya. Àwa márùn-ún la máa ń gbá D&D (Dungeons and Dragons, eré ìtàn tí a ń fi dáìsì ṣe) ní Gwarinpa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí kálukú bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Jagunjagun mi ti kú (ògiri ló wó pa á, ẹ má bi mí), DM (ẹni tó ń darí eré) sì ní kí n mú ẹlòmíì wá. Warlock ló wù mí, ìyẹn ẹni tó gba agbára idán lọ́wọ́ ẹ̀dá àràmàǹdà kan tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Òfin inú ìwé ti 2014 la ṣì ń lò, ìpele kẹta ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Gbogbo warlock tí mo ti rí, ìkan náà ni wọ́n: ó wọ aṣọ dúdú, ó fa fìlà bojú, ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé ọtí, bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á ní "kò lè yé yín". Kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ fi ń súni. Mo fẹ́ kí tèmi jẹ́ àdììtú ní tòótọ́. Ìkejì, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe wizard (onídán tó kọ́ ọfọ̀ nínú ìwé) ní warlock ò lágbára, pé ọfọ̀ méjì péré ló lè pè, tó bá ti pè é tán ó di ẹrù tí àwọn yòókù ń gbé kiri. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ bá mi wo ìkẹta náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ gbọ́ tí mò ń sọ lórí fóònù pé "ẹ̀mí wo gan-an ni kí n bá dá májẹ̀mú báyìí?" Ẹ ṣáà mọ ìyókù. Wọ́n ti ta òróró sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá mi.

Wẹ́rẹ́_Lugbe:
Òróró ẹnu ilẹ̀kùn 😂 Kí ẹ̀gbọ́n má rí àwòrán inú ìwé yẹn o.

Baba_Utako:
Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti agbára kúrò nílẹ̀, torí inú agbára ẹ̀ ni ìwà ẹ̀ ti ń jáde.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Slot kan, ìyẹn àyè láti pe ọfọ̀ kan, ni warlock ní ní ìpele kìíní, ó di méjì ní ìpele kejì, méjì náà ló sì máa wà títí tó fi máa kọjá ìpele kẹwàá. Ìpele kọkànlá ló tó di mẹ́ta, ìpele kẹtàdínlógún ló di mẹ́rin. Ó kéré. Àmọ́ kò sí èyí tó kéré nínú wọn: gbogbo slot rẹ̀ ló máa ń ga dé ibi tí agbára rẹ̀ ga dé. Ní ìpele karùn-ún, slot méjèèjì á gba ọfọ̀ onípele kẹta. Ní ìpele kẹsàn-án, méjèèjì ti di onípele karùn-ún. Tó bá sì ná wọn tán, ìsinmi wákàtí kan péré ló máa ṣe tí gbogbo ẹ̀ á fi padà wọlé. Wizard lè rí díẹ̀ kó jọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, àmọ́ kó tó pé, àfi kó sùn wákàtí mẹ́jọ. Wizard dà bí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àbújá yìí, ó ń retí òpin oṣù. Alágbàṣe ni warlock, ojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó tiẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí wàá kọ́kọ́ bi DM rẹ nìyí: "Ṣé a máa ń sinmi láàárín?" Àwọn DM kan wà tó jẹ́ pé ìjà ńlá kan ni wọ́n máa ń fi kún ọjọ́ kan, tí ẹ bá jà tán ẹ ti lọ sùn nìyẹn. Lọ́dọ̀ irú wọn, wizard á máa tàn, ìwọ á máa wò. Ṣùgbọ́n níbi tí ìjà mẹ́ta mẹ́rin bá wà kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ẹ sì ń rí ibi jókòó láàárín, ìwọ ni ọfọ̀ rẹ ò ní tán.

Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni Eldritch Blast, ọfọ̀ ìtànṣán. Kò ná slot kankan. Ó ń lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 120, d10 (dáìsì olójú mẹ́wàá) kan ni ìpalára ẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní "force" sì ni, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀dá kan tó rí nǹkan fi dènà ẹ̀. Ní ìpele karùn-ún ó di ìtànṣán méjì, ní ìkọkànlá mẹ́ta, ní ìkẹtàdínlógún mẹ́rin. O lè da gbogbo ẹ̀ lé ẹnì kan lórí, o sì lè pín in fún ọ̀tá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mú Agonizing Blast mọ́ àwọn invocation rẹ (àfikún agbára tí warlock ń yàn), má jiyàn, kí àfikún Charisma rẹ (ìwọ̀n ìfanimọ́ra rẹ) lè máa kún ìtànṣán kọ̀ọ̀kan. Fi Hex (ọfọ̀ ègún) lé ọ̀tá náà lára, d6 mìíràn á tún máa wọlé nígbàkígbà tó o bá bà á. Wo ìṣirò ẹ̀ ní ìpele karùn-ún, ká ní Charisma rẹ jẹ́ 16, tí àfikún ẹ̀ jẹ́ 3: ìtànṣán méjì, d10 méjì, d6 méjì, pẹ̀lú 6. Tí méjèèjì bá bà, bíi 24 ni ní ìwọ̀n àárín, láìtíì ná slot tuntun kankan. Kí wizard yẹn wá sọ ọ́ lójú mi.

Ní ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé warlock jáde nínú ìwé àfikún kan ní 2004, kò tiẹ̀ ní slot rárá, gbogbo nǹkan ló ń ṣe láìdáwọ́ dúró. 2008 ló tó wọ inú ìwé àkọ́kọ́ fún àwọn òṣèré. Eldritch Blast ò fi í sílẹ̀ látìgbà yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Jos:
Ẹ ṣé, Baba. Èmi ni mò ń darí eré fún ẹgbẹ́ wa níbí ní Jos, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwà.

Charisma ni warlock fi ń pe ọfọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ẹnu rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ ń gbani. Ẹni tí Charisma rẹ̀ jẹ́ 16, tó wá lọ ń fi ara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ fi ẹnu náà ṣe? Ajigbèsè ni warlock. Ajigbèsè kì í dákẹ́. Òun ló ń kọ́kọ́ kíni láàárọ̀, òun ló ń béèrè ọmọ, òun ló ń pa gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ owó ni kò jẹ́ kó délẹ̀. Ibi tí àdììtú rẹ̀ wà gan-an nìyẹn: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ó jẹ gbèsè kan, wọn ò mọ ẹni tó jẹ, wọn ò mọ iye ẹ̀, wọn ò sì mọ ọjọ́ tí olówó ń bọ̀.

Ìwọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Kó o tó fún un lórúkọ, jókòó ti DM rẹ. Kí ló ń wá lọ́jọ́ tí àdéhùn náà ṣẹlẹ̀? Kí ló fi lélẹ̀? Ṣé ó mọ ohun tó ń fọwọ́ sí? Ṣé ó fẹ́ já ara rẹ̀ gbà ni, àbí ó ti ń gbádùn ẹ̀? Tó o bá ti dáhùn gbogbo ẹ̀ tán, mú ọ̀kan nínú wọn, kó o ní kí DM yí ìdáhùn rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ, kó má sọ fún ẹ. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ gbogbo ọ̀ràn tán ni àdììtú rẹ̀ kì í gbó.

Lẹ́yìn náà, fún un ní ìṣe kékeré kan tí kò ní ṣàlàyé láé. Ọmọbìnrin kan ní ẹgbẹ́ wa ṣe warlock tí kì í sọ "ẹ ṣé". Tí wọ́n bá fún un lómi, á gbà á, á rẹ́rìn-ín, á wá nǹkan fi rọ́pò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀: bọ́tìnì, ẹyọ ẹ̀pà kan, òwú tó já nínú aṣọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí àwọn yòókù tó kíyè sí i. Ìgbà tí ọba kan nínú ìtàn fún un ní ẹṣin, gbogbo tábìlì dákẹ́, oníkálukú ń wo ohun tó máa fi rọ́pò. Ó tẹ̀ ba, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó gbé e síwájú ìtẹ́, ó fi ẹsẹ̀ kan lásán gun ẹṣin náà lọ. Archfey (olórí àwọn iwin) ni ọ̀gá rẹ̀, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó bá dúpẹ́ ti gbà pé òun jẹ gbèsè. Èèyàn kan ò bi í, kò sì sọ.

Wẹ́rẹ́_Lugbe:
Bàtà òsì! Mo kú. Ọba yẹn ò bínú?

Ìyá_Ìbejì_Jos:
Mo yí Charisma rẹ̀ lójú dáìsì, 19 ló jáde. Ọba gbé bàtà náà kọ́ sára ògiri ààfin.

Ọ̀gbẹ́ni_Wuse:
Ẹ má fi ìtàn dídùn gbàgbé pé wọ́n lè pa á o. Ìdíwọ̀n ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ d8, aṣọ ìjà fúúyẹ́ ló lè wọ̀, kò ní asà. Nítorí náà, ọ̀gá tí mo máa ń mú ni Fiend, ẹ̀mí èṣù láti ọ̀run àpáàdì. Nígbàkígbà tó o bá pa ọ̀tá kan, o gba ẹ̀mí ìgbà díẹ̀ tó jẹ́ àfikún Charisma rẹ pẹ̀lú ìpele rẹ. Ní ìpele kẹta pẹ̀lú Charisma 16, mẹ́fà nìyẹn, lórí òkú kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kì í kó jọ, èyí tuntun ló ń gba ipò ti tẹ́lẹ̀. Ní ìpele kẹfà wàá lè fi d10 kún ìdánwò kan tó bá fẹ́ já ẹ kulẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láàárín ìsinmi méjì. Ìpele kẹrìnlá, ẹ̀rù á bà ẹ́ fúnra rẹ: o kọlu ọ̀tá, ó bà á, ó pòórá, ó la inú ọ̀run àpáàdì kọjá, ó padà dé pẹ̀lú 10d10 lára.

Ẹni tí kò tíì lówó ìwé, ẹ wo àwọn òfin ọ̀fẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀ lábẹ́ Creative Commons ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Warlock wà nínú ẹ̀, Fiend nìkan sì ni ọ̀gá tí wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà.

DáìsìKubwa:
Ẹ̀gbọ́n, Fiend kẹ̀? Pẹ̀lú ẹni tó ta òróró sí ẹnu ọ̀nà?

Àbúrò_Samaru:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ dá sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Zaria. Celestial wà. Inú àfikún 2017 ló ti kọ́kọ́ jáde, òfin 2024 sì ti gbé e wọ inú ìwé gangan. Ẹ̀dá ọ̀run mímọ́ ni ọ̀gá náà, ó sì ń fún ẹ ní dáìsì d6 ìwòsàn, iye ìpele rẹ pẹ̀lú ẹyọ kan. Ní ìpele kẹta, mẹ́rin nìyẹn lójúmọ́, o lè wo ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 60 láìdìde níbi tó o wà. Inú ẹ̀gbọ́n yín obìnrin á dùn.

Ìyá_Ìbejì_Jos:
Ọmọ mi, o káre. Àmọ́ ẹ má rò pé Celestial yẹn rọrùn o. Ọ̀gá tó jẹ́ ẹni ibi, o mọ ohun tó ń wá. Ẹni mímọ́ tó ń béèrè ìṣirò gbogbo owó tó o ná àti gbogbo irọ́ tó o pa, ta ló lè bá a gbé? Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Fiend lọ fún ìdí yẹn.

Àbúrò_Samaru:
Ẹ ṣé mà. Nǹkan kan tún wà nínú òfin 2024 tó dára fún àdììtú: ìpele kẹta lo tó ń yan ọ̀gá. Ìpele méjì àkọ́kọ́, agbára wà lọ́wọ́ rẹ, o ò mọ ẹni tó fún ẹ. Tí ẹ bá fi òótọ́ inú ṣe é, ó ń dẹ́rù bani. Wọ́n sì ti fún un ní Magical Cunning ní ìpele kejì: ó máa fi ìṣẹ́jú kan ṣe ètùtù kékeré, ìlàjì slot rẹ̀ á padà, lẹ́ẹ̀kan kó tó tún sùn. Ẹjọ́ tí Baba ń rò nípa ìsinmi ti dín kù.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọ̀gá ṣe ń nini lára, kó wo Wyll, warlock inú eré kọ̀ǹpútà Baldur's Gate 3 tó jáde ní 2023. Ọmọ dáadáa ni, gbogbo ayé ń yìn ín pé akọni ni. Mizora tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ pa obìnrin kan tó ń jẹ́ Karlach. Tó bá kọ̀, Mizora á wá, á hu ìwo sí i lórí níṣojú gbogbo èèyàn.

Baba_Utako:
O rí i, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ìwo ló fún un, kò gba idà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn DM kan máa ń halẹ̀ pé "ọ̀gá rẹ bínú, Eldritch Blast ò ṣiṣẹ́ lónìí". Òfin ò fún wọn ní ìlànà kankan fún irú ẹ̀, ó sì ń ba eré jẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń sọ fún jagunjagun pé apá rẹ̀ bínú. Kí ọ̀gá dá a lẹ́bi, kó rán an níṣẹ́ tó le, kó fi àmì sí i lára, kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú àlá. Agbára tó ti fún un, kó fi sílẹ̀.

AláróKano:
Ẹ kú àdúgbò o, Sabon Gari là ń gbé. Ẹgbẹ́ tiwa dàpọ̀, Yorùbá àti Hausa, tí Ramadan bá dé, lẹ́yìn ìrun tàráwíhì la tó ń kó dáìsì jáde. A máa ń gbé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí wá sílé, torí ìgbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé yẹn ò bá wa sọ̀rọ̀.

Àfikún kan jáde ní 2020 tó ní Genie nínú, ìyẹn àlùjọ̀nnú, oríṣi mẹ́rin, Marid sì ni èyí tó jẹ́ ti omi. Ẹnì kan lára wa fi tirẹ̀ sínú kòtò aró ní Kofar Mata, ibi tí wọ́n ń pa aró tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498. Bàbá rẹ̀ nínú ìtàn jẹ́ aláró. Kòtò kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ rò lálẹ́, ó rò ó. Láti ọjọ́ náà ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di aró dé ìgbọ̀nwọ́, kò ṣeé fọ̀. Ó ń wọ ìbọ̀wọ́ nínú oòrùn Kano. Tó bá bọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni náà á rí àmì aró lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún ìyókù ọjọ́ náà. Kò kọ eléyìí sínú agbára kankan, àwọ̀ lásán ni. Àmọ́ wọ́n ń wá apààyàn nínú ìlú kan, gbogbo ẹni tí wọ́n rí tó ti bá olóògbé náà ṣe pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní aró…

Ní ti agbára, Genie á fún ẹ ní ohun èlò kékeré kan, ìkòkò tàbí òrùka tàbí ìgò, o lè wọ inú ẹ̀ lọ sinmi. Ní ìpele kẹta, wákàtí mẹ́rin lo lè lò níbẹ̀, wàá sì máa gbọ́ ohun tó ń lọ níta. Òun gbé ìkòkò aró kékeré. Wọ́n máa ń gbé e wọ inú àgọ́ ọ̀tá bí ọjà.

Wẹ́rẹ́_Lugbe:
Èmi, Great Old One (ẹ̀dá àtayébáyé tí kò yé ẹnikẹ́ni), mo sì ti mọ ẹni náà: Zuma Rock. Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Kaduna kọjá, ṣé ojú yẹn ò rí yín rí?

Ìwà tó bá ọ̀gá yìí mu yàtọ̀. Ìwé gan-an sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá náà má tiẹ̀ mọ̀ pé o wà láyé. Kò sí ẹni tó bá ẹ dá májẹ̀mú. Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ni mo fi tèmi ṣe: ọkọ̀ rẹ̀ kú sí ìdí àpáta náà, ó sùn lórí ẹrù iṣu, nígbà tó jí ó ń gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń rò. O lè sọ̀rọ̀ sínú ọkàn ẹnikẹ́ni tó o bá rí láàárín ẹsẹ̀ bàtà 30, kò pọn dandan kí ẹ gbọ́ èdè ara yín. Mi ò fi ohùn abàmì sọ ọ́. Ohùn awakọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́: "Ọ̀gá, súnmọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ." Bí ó ṣe rọrùn yẹn ló ń já wọn láyà.

Tó o bá dé ìpele karùn-ún, mú Hunger of Hadar. Òkùnkùn biribiri ni, tí ọ̀tá á wà nínú ẹ̀, tí wọn ò ní rí ọwọ́ ara wọn, òtútù á máa jẹ wọ́n nígbà tí eré bá kàn wọ́n, oje kíkan á tún máa jẹ àwọn tó bá parí ìgbà tiwọn síbẹ̀. Ẹni tó wà níta á máa gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àti ìró nǹkan tó ń lá nǹkan. Ìró yẹn nìkan tó.

Ọmọ_Minna:
Ẹ ò sọ Pact Boon, ẹ̀bùn tí ọ̀gá ń fún warlock ní ìpele kẹta, ìpele kẹta náà ló sì máa bẹ̀rẹ̀. Chain ni kó mú, ó ń fúnni ní familiar, ẹ̀dá kékeré tó ń jíṣẹ́ fúnni. Imp (èṣù kékeré) wà lára wọn, ó lè di aláìrí nígbàkígbà tó bá wù ú. Ẹni tó ní amí tí wọn ò lè rí, òun ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i. Tome (ìwé) dára fún ẹni tó fẹ́ ọfọ̀ kéékèèké mẹ́ta sí i láti inú ọfọ̀ irú onídán èyíkéyìí. Blade (ohun ìjà) nínú òfin 2014 láìní ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní Hexblade, ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni_Wuse:
Mo fọwọ́ sí i lórí Blade.

DáìsìKubwa:
Darkness pẹ̀lú Devil's Sight ńkọ́? Gbogbo fídíò ni wọ́n ti ń pariwo ẹ̀.

Baba_Utako:
Ó dùn lórí fídíò. Devil's Sight á jẹ́ kó o ríran nínú òkùnkùn, ìbáà jẹ́ ti idán, tó ẹsẹ̀ bàtà 120. O pe Darkness, o dúró sínú ẹ̀, ọ̀tá ò rí ẹ, ìwọ ń rí wọn. Ó dáa. Àwọn mẹ́rin yòókù tó jọ wà nínú yàrá kan náà ńkọ́? Wọn ò rí nǹkan kan. Oní-ọfà yín á jókòó, á káwọ́ lérí. Ẹ̀ẹ̀kan lo lè ṣe é kí wọ́n tó bínú. Lẹ́yìn náà, Darkness àti Hex, ìkan náà ni àfiyèsí tí wọ́n ń gbà, o ò lè di méjèèjì mú pọ̀.

Tí àdììtú ló ń wá, Mask of Many Faces ni kó fi rọ́pò Devil's Sight. Ojú rẹ á máa yí padà nígbà tó bá wù ẹ́, láìná slot. Ara lásán ni o, ẹni tó bá fọwọ́ kan fìlà tí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á gba inú ẹ̀ kọjá. Má lò ó fún olè jíjà nìkan. Lò ó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Jẹ́ kí wọ́n mọ ojú kan fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n wá jí lóru ọjọ́ kan kí wọ́n rí ẹlòmíì tó sùn sórí ẹní rẹ.

Ẹ ṣe tí gbogbo yín ń wá ọ̀gá káàkiri báyìí nígbà tí ààjà wà? Nílé wa, ẹni tí ààjà bá gbé, igbó ló ń gbé e lọ, á kọ́ ọ ní ewé àti egbò, á wá dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ tàbí oṣù, gbogbo ìlú á sì máa wá a fún ìwòsàn. Egbére náà wà, tó ń gbé ẹní kékeré kiri tó ń sunkún. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní náà á lówó, àfi kó lè fara da ẹkún. Warlock tó ja ọ̀gá rẹ̀ lólè nìyẹn, kò bá a ṣàdéhùn kankan, ó sì ń gbọ́ ẹkún lóru ní gbogbo ibi tó bá sùn sí.

Ìkìlọ̀ kan: má fi òrìṣà tí àwọn èèyàn ń bọ lónìí ṣe eré. O ò mọ ilé tí ẹni tó jókòó tì ẹ́ ti wá.

DáìsìKubwa:
Baba, ẹ ti pa mí. Ààjà ni.

Ẹ gbọ́ o. Àjàní lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ewé lọ́jà. Ààjà gbé e lọ nígbà tó wà ní kékeré, ní ojú tirẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni, nígbà tó délé oṣù mẹ́ta ti lọ. Ó mọ ọfọ̀. Lẹ́yìn náà ló kíyè sí i pé àwọn èèyàn ń gbàgbé òun, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà rẹ̀ kọ́kọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ rí i lẹ́nu ọ̀nà tó ní "Ẹ káàbọ̀, kí lẹ fẹ́ rà?" ló kúrò nílùú. Gbèsè tó ń san nìyẹn, kò sì mọ ẹni tó kàn.

Nítorí náà kì í dákẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń kí. Láràárọ̀ tí ẹgbẹ́ bá jí, á ní "Ẹ káàárọ̀ o, èmi Àjàní ni o, ẹ má gbàgbé". Wọ́n á rò pé àwàdà ni.

Archfey ni màá fi ṣe é. Agonizing Blast àti Mask of Many Faces, Hex, Chain pẹ̀lú sprite (iwin kékeré).

Wẹ́rẹ́_Lugbe:
"Kí lẹ fẹ́ rà?" Ìwọ ọmọ yìí.

Ìyá_Ìbejì_Jos:
Ó dára gan-an. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Má sọ ìtàn ìyá yẹn ní tábìlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Sọ ìkíni àárọ̀ nìkan, kó o sì máa sọ ọ́ láìyẹ̀. Lọ́jọ́ tó o bá dákẹ́ láìsọ ọ́, wọn á bi ẹ́. Ìkejì, DM ni kó yan ẹni tó máa gbàgbé tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìwọ. Kó kọ orúkọ náà sínú ìwé rẹ̀ kó pa á dé.

Baba_Utako:
Archfey bá ààjà mu jù lọ. Nísinsìnyí, lẹ́ẹ̀kan láàárín ìsinmi méjì, o lè ki ẹ̀rù tàbí ìfẹ́ bọ àwọn tó súnmọ́ ẹ lọ́kàn, láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ìdánwò Wisdom (ọgbọ́n) ni wọ́n á fi gba ara wọn. Ní ìpele kẹfà, bí wọ́n bá ṣe ẹ́ léṣe, o di ìkùukùu, o pòórá, o yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 60 síbẹ̀. Ààjà ló gbé e yẹn, kò sí ohun tó o fẹ́ fi kún un.

Ní ti familiar, bá DM sọ̀rọ̀ kí sprite náà dà bí ewé gbígbẹ tó ń yí. Ìṣirò ẹ̀ ò yí padà. Òun náà lè di aláìrí bí imp, ó sì lè fọwọ́ kan èèyàn kó mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí.

DáìsìKubwa:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè kan kù: tí ọ̀tá tí mo fi Hex sí lára bá kú, ṣé slot náà ti ṣòfò nìyẹn?

Ọmọ_Minna:
Rárá. Ìgbà tó bá tún kàn ẹ́, fi bonus action (ìṣe kékeré àfikún) gbé e lọ sára ẹlòmíì, slot kan náà ni. Wákàtí kan ló máa ń wà. Tí slot rẹ bá ti di onípele kẹta, wákàtí mẹ́jọ. Wàá sinmi kékeré pẹ̀lú ẹ̀ lára tí slot náà á ti padà sọ́wọ́ ẹ, tí Hex á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni tí wọ́n bá lù ẹ́: Constitution (ìfaradà ara) lo máa fi di í mú, iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ dé ni 10 tàbí ìlàjì ìpalára náà, èyí tó bá pọ̀ jù. Má fi Constitution sí 8 bí àwọn kan ṣe ń ṣe o.

DáìsìKubwa:
8 ni mo fi sí. Mò ń lọ yí i padà.